Ta Ló Ń Bá Wa Kọ Orí Kẹrin?

Bí àsìkò tí à ń parí pírójẹ́ẹ̀tì bá ti sún mọ́lé, ibì kan wà lẹ́yìn géètì tí èrò kì í tán níbẹ̀. Kì í ṣe búkà, kì í sì í ṣe ilé ìjọsìn. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni. Wọ́n kọ ọ́ sára bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé àwọn ń ṣe SPSS. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó àwọn ìwé ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ti dáhùn wá, á sanwó, á lọ jẹun. Tó bá máa fi padà dé, wọ́n á ti to tébù mẹ́fà jọ fún un, pẹ̀lú p kan tó kéré sí 0.05. Orí Kẹrin ti parí nìyẹn. Ẹ wá bi í pé kí ni p yẹn ń sọ gan-an. Ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn.

N kò bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jà. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Àwa gan-an ni mò ń bá wí, àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ ẹ̀dá èdè. A ó rin ìrìn àjò, a ó jókòó ti àwọn àgbàlagbà, a ó gba ohùn wọn sílẹ̀, a ó da ọ̀rọ̀ wọn kọ ní òru títí ojú á fi máa ta wá. Ìgbà tó wá kan ibi tí a ó ti mọ ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ, a gbé e fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa máa kọ́ wa ní ìṣirò dátà láti ọdún kejì, kí ó sì jẹ́ pẹ̀lú sọ́fítíwía tí a lè ṣí inú rẹ̀ wò. R ni mò ń sọ. (Dátà tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù o.)

Àwọn olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ R ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní 1995 wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL. Ohun tí ìwé àṣẹ yẹn wí ni pé ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lò ó, kí ó ka kóòdù rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000 ni wọ́n gbé ẹ̀dà 1.0.0 jáde. R fúnra rẹ̀ dà bí ìkòkò. Ohun tí ènìyàn fẹ́ sè ló máa pinnu èròjà tó máa wá. Èròjà yẹn ni pákéèjì. Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ bá ní ìṣòro kan tí ìṣirò gbogbogbòò kò yanjú, á kọ pákéèjì tó yanjú rẹ̀, á sì gbé e sí CRAN, ibi ìkópamọ́ tó ti wà láti 1997, kí àwọn ẹlòmíràn lè mú un níbẹ̀. Àwọn pákéèjì ibẹ̀ ti lé ní 20,000. Oníṣègùn ní tirẹ̀, àgbẹ̀ ní tirẹ̀, onímọ̀ èdè náà kò gbẹ́yìn.

SPSS dàgbà ju R lọ. Yunifásítì Stanford ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1968, IBM sì rà á ní 2009. Sọ́fítíwía gidi ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni rà. A máa ń kọ́ ara wa pé jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ kò dára. A sì ń fi sọ́fítíwía tí wọ́n já kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi gboyè.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé.

Iṣẹ́ mi dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Nígbà tí Abiodun Adetugbo pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbègbè nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní 1967, Gúúsù Ìlà-Oòrùn ni Ọ̀wọ̀ bọ́ sí, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú. Ohun tí a ń pè ní ilé nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ulé ló ń jẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà ibẹ̀. Wọ́n ṣì di ìró gh mú, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti pàdánù. Ùghà ni wọ́n ń pe àwọn àgbàlá inú ààfin Ọlọ́wọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá lẹ́nu àwọn ará Bìní náà. Tí ẹ bá wá kọjá sí ìhà Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ìfọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn. Ní Ìdóàní, àwọn kan ń sọ Ìyàyù, tó jẹ́ pé ìdílé èdè Ẹdó ló wà, kì í ṣe Yorùbá rárá, àwọn kan náà yìí sì ń sọ Yorùbá fún aládùúgbò wọn lójoojúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé “èdè Oǹdó State” kan ṣoṣo ló wà.

Ìbéèrè mi kò ju èyí lọ: ta ló ṣì ń sọ ulé, ta ló ti ń sọ ilé, ìlú wo ni, ọjọ́ orí wo sì ni? Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí ilé ìwé, tí wọ́n ń gbọ́ rédíò àti fíìmù, a rò pé ilé ló máa wà lẹ́nu wọn. A rò ni o. Rírò yàtọ̀ sí mímọ̀.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Ká ní mo jókòó ti màmá àgbà kan ní Ìlórò fún wákàtí kan, tí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú u sì jáde lẹ́nu wọn nígbà ọgọ́ta. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá. Ọgbọ̀n lọ́nà ogún, ìyẹn 600, ni ọ̀rọ̀ tí mo ní. Bí mo bá gbé e lọ sí ẹ̀yìn géètì, ìlà 600 ni wọ́n máa tẹ̀ sínú SPSS, wọ́n á sì ṣe chi-square lé e lórí. Ìṣirò yẹn gbà pé ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, pé ìkan kò mọ ìkejì rí. Irọ́ ni. Ẹnu kan náà ni ọgọ́ta ti jáde. Bí ènìyàn bá tọ́ ọbẹ̀ kan wò nígbà ọgọ́ta, kò tíì tọ́ ọgọ́ta ọbẹ̀ wò. Bí màmá kan bá tún lọ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ju àwọn yòókù lọ (màmá bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro rí ní Ọ̀wọ̀), àṣà tiwọn nìkan ló máa di àṣà gbogbo àgbà obìnrin ìlú nínú tébù yẹn. P á kéré jọjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ orí ló ń fà á. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tọ́ka sí i. Báyìí ni irọ́ ṣe ń wọ ibi ìkówèésí.

Àwọn onímọ̀ èdè àti àwùjọ ti bá ìṣòro yìí jà tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, Henrietta Cedergren àti David Sankoff ní Kánádà ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Varbrul fún irú dátà yìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé sì fi lò ó. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹni kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2009, Daniel Ezra Johnson gbé Rbrul jáde, tó ń ṣiṣẹ́ nínú R, tó sì fún olúkúlùkù olùsọ̀rọ̀ ní àyè tirẹ̀. Lónìí, pákéèjì lme4, èyí tí Douglas Bates àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò tààrà. Ìlà kan ló máa ń gbà:

glmer(u ~ ojo_ori + ilu + (1 | eniyan) + (1 | oro), data = owo, family = binomial)

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ó ń bi pé ṣé u jáde tàbí kò jáde, bí ọjọ́ orí àti ìlú bá ṣe rí. Àwọn àkámọ́ méjì tó wà láàárín ń sọ fún un pé kó rántí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, kó sì rántí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́, torí pé ènìyàn kan lè fẹ́ràn u ju ẹlòmíràn lọ, ọ̀rọ̀ kan náà sì lè di u mú ju ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. SPSS náà lè ṣe irú ìṣirò yìí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sanwó fún kì í ṣe é, torí pé kò mọ̀ pé ó yẹ kó bèèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀. Ta ló mọ̀? Àwa tí a jókòó ti màmá ni.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí èdè díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kúrò ní Ọ̀wọ̀. Ohun mìíràn wà tí wọ́n ń kà níbẹ̀ tí ó ju fáwẹ̀lì lọ. Ibà Lassa ni. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, ìlú Lassa ní Borno ló sì gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Eku ló ń gbé e kiri. Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ wọn kì í sábà kúrò nínú ìròyìn NCDC bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé. Federal Medical Centre tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn aláìsàn lọ.

Ní 2018, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn yìí ní Nàìjíríà, 171 nínú wọn sì kú. Ìyẹn jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn dókítà ní Ọ̀wọ̀ àti àwọn ará Faransé tó bá wọn ṣiṣẹ́ wá tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tó lé ní 500 ní ilé ìwòsàn yẹn láti oṣù Kẹrin 2018 sí oṣù Kẹta 2020. Nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Ṣé Ọ̀wọ̀ sàn ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po méjì ni? Ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ tààrà. Ilé ìwòsàn kan yàtọ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè, ọdún méjì yàtọ̀ sí ọdún kan, ẹni tó tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n gbé dé nígbà tí ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́. Àwọn tó bá sì kó àrùn nínú ilé kan náà kò dá dúró lọ́dọ̀ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ẹnu màmá. Ìṣòro kan náà ni. Ní tiwa, irọ́ á wọ ìwé. Ní tiwọn, dókítà lè tìtorí rẹ̀ fún aláìsàn ní ìtọ́jú tí kò yẹ.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé àwọn oníṣègùn ti rí i pé àpótí títì kò bá iṣẹ́ yìí mu. Lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, tí wọ́n sá kiri wá gbogbo ẹni tó bá aláìsàn pàdé, àwọn ará Nàìjíríà àti ilé ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig ní Jámánì jókòó, wọ́n ṣe SORMAS, tí òṣìṣẹ́ ìlera fi lè tẹ orúkọ aláìsàn àti àwọn tó sún mọ́ ọn sórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì láti ìjọba ìbílẹ̀, kí Àbújá sì rí i. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 2015. Wọ́n lò ó fún mọ́ńkípọ́ọ̀sì ní 2017, wọ́n sì lò ó fún Lassa. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, àwọn ọ́fíìsì ìlera ní Jámánì fúnra wọn ló ń lo ohun tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìṣòro Nàìjíríà kọ́. Mo máa ń rántí èyí bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn òyìnbó ló ń ṣe nǹkan fún wa.

SORMAS ń kó iye jọ ní pàtàkì. Fún ìṣirò rẹ̀, àwọn pákéèjì R wà tí àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn kọ fún ara wọn: incidence ń ka iye aláìsàn tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, epicontacts ń ya àwòrán ẹni tó bá ẹni pàdé, outbreaker2 ń wá ẹni tó ṣeé ṣe kó ran ẹni. Kò sí èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá kan jókòó kọ láti tà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní ìṣòro ni wọ́n kọ ọ́. Kóòdù ni mo sì ní ó wà ní gbangba o, kì í ṣe orúkọ aláìsàn. Ohùn àwọn màmá tí mo gbà sílẹ̀ náà kò ní sí ní gbangba, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda.

Ó wá ku ohun kan tó jẹ́ tiwa nìkan, àmì ohùn. Owó, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀, Ọ̀wọ̀: bí wọ́n bá bá yín tẹ dátà láìsí àmì, gbogbo wọn á di “owo”. Ìnáwó, ẹ̀yà ara, ohun tí a fi ń gbálẹ̀, ìtẹríba àti odidi ìlú kan á wọnú kòtò kan náà. R fúnra rẹ̀ kò mọ́ níbi yìí tẹ́lẹ̀. Lórí Windows, ẹni tó tẹ ọ lè rí <U+1ECD> dípò rẹ̀, kí ẹ̀dà 4.2.0 tó jáde ní oṣù Kẹrin 2022, tó wá ń lo UTF-8 tààrà. Ó tún ku ọgbọ́n kan. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ ní ọ̀nà méjì: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, tàbí gẹ́gẹ́ bí o tí wọ́n wá fi àmì kún lábẹ́. Ojú wa kò ní rí ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà á rí i, á sì ka ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ méjì. Pákéèjì stringi ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ stri_trans_nfc tó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, tí kò sì ṣe èyí kó tó kà, kò mọ iye tó kà.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Wọ́n á ní alábòójútó kò mọ R. Òótọ́ ni fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo Praat, èyí tí Paul Boersma àti David Weenink kọ ní Amsterdam, tí a fi ń wo ìró àti ohùn ní kíláàsì fònẹ́tíìkì. Ọ̀fẹ́ ni Praat, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, a sì ti ń lò ó láìbẹ̀rù. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti R. Wọ́n á ní títẹ kóòdù ń dẹ́rù bà wọ́n. Jamovi wà fún irú wọn: bí SPSS ló rí, àtẹ̀ àti bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n R ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n á ní kò sí iná, kò sí láptọ́ọ̀pù. Èyí ni mo gbà pátápátá. Ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò ní ná ni ní nǹkan kan. Èmi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ kí n tó lè ka dátà mi wọlé, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí R fi ń bú ènìyàn sì le ju ti Lẹ́kíṣọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n R fúnra rẹ̀ kò tó 100 MB láti gbà sílẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé. Owó tí ẹ̀ ń san lẹ́yìn géètì ju owó dátà yẹn lọ.

Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò pọ̀. Kọ́ọ̀sì kan ní ọdún kejì, kí dátà tí a ó fi kọ́ ọ jẹ́ èdè tiwa, kì í ṣe ti òdòdó àti mọ́tò tí R ń gbé wá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní tébù nínú Orí Kẹrin so kóòdù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́, kí alábòójútó lè tẹ̀ ẹ́ kó rí i pé iye kan náà ló jáde. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń fi R àti Python jẹun ní Èkó àti ní òkè òkun, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè gbé R. Wákàtí kan lórí Zoom lóṣooṣù náà dára.

Kí ìpàdé ẹ̀ka tó fẹnu kò, R, Praat, jamovi, lme4 àti stringi wà lórí fúláàṣì mi. Mo máa wà ní yàrá kíláàsì ọdún kẹrin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, títí sáà yìí á fi parí. Ẹ gbé dátà yín wá bó ti wù kó rí. Kí ẹ cháájì láptọ́ọ̀pù yín láti họ́sítẹ́ẹ̀lì o, torí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èmi ni mo sì ń lò ó.